Kan, náà, àti ọ̀rọ̀-orúkọ lásán: ohun tí Yorùbá ń ṣe níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo "a" àti "the"

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí "the" ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ "a". Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kó tó la ẹnu á fẹ́ wá ọ̀kan fún ọ̀kan: á mú náà fún "the", á mú kan fún "a", á sì máa so wọ́n mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá pàdé. Irú gbólóhùn tó máa ń jáde nìyí: Mo ti ilẹ̀kùn náà, mo jókòó sórí àga náà, mo sì jẹ oúnjẹ náà. Kò sí ohun tó ṣẹ́ nínú gírámà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa bi ara rẹ̀ pé: ilẹ̀kùn wo? Àga wo? Ìgbà wo la ti sọ̀rọ̀ wọn?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀-orúkọ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ajá ń gbó: ó lè jẹ́ ajá ilé yín, ó lè jẹ́ ajá kan ní òpópónà, ibi tí ẹ wà ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Mo ra ìwé: bí ẹ bá rán mi láti lọ ra ìwé kan pàtó, ẹ mọ̀ pé òun ni mo ń wí. Bí ẹ kò bá rán mi, ẹ gbọ́ pé mo náwó sórí ìwé, bóyá ọ̀kan, bóyá mẹ́ta. Tí iye rẹ̀ bá ṣe pàtàkì, màá sọ ọ́.

Ohun tí kò sí ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣì mú fún òmíràn, kì í gba náà. Oòrùn ti yọ. Ọba ti wọ ààfin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Pa iná kí o tó sùn. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Gẹ̀ẹ́sì á fi "the" sí. Bákan náà ni ti ohun tí a ń sọ nípa gbogbo irú rẹ̀: Ológbò kò fẹ́ràn omi. Bákan náà sì ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe: Dókítà ni ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ dókítà kan", a ó máa retí ìyókù ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ìtàn ń bọ̀: dókítà kan tí ó ṣe kí ni? Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe èyí o. Èdè Húngárì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún "a" àti fún "the", síbẹ̀ Péter orvos ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti sọ pé dókítà ni Péter, láìfi ohunkóhun sáàárín.

Ó wá ku kan. Láti ara ọ̀kan tí a fi ń kà nǹkan ló ti wá, ẹ kò sì ní rí i bí ohun àjèjì tó bá jẹ́ pé Bùràsílì tàbí Kúbà lẹ ti dàgbà: um àti un níbẹ̀ náà, òǹkà ni wọ́n. Egy ti àwọn ará Húngárì kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kan ti Yorùbá kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ bíi tiwọn. Ohun tó ń sọ fún olùgbọ́ ni pé: mo ní ẹnì kan tàbí nǹkan kan pàtó lọ́kàn, ìwọ kò tíì mọ̀ ọ́n, fetí sílẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú méjì yìí:

Fúnmi ń wá ọkọ.
Fúnmi ń wá ọkùnrin kan.

Nínú èkíní, Fúnmi kò tíì rí ẹni tí yóò fẹ́. Nínú èkejì, ọkùnrin ọ̀hún wà níbì kan, ó ní orúkọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gbèsè ló jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń sọ pé "mo fẹ́ mu omi", tí kì í sì í sọ pé "mo fẹ́ mu omi kan", àyàfi tó bá jẹ́ omi àràmàǹdà ló ń wá kiri.

Ẹ̀yìn ni kan máa ń wà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí àti lẹ́yìn ẹni tó ni ín: ilé ńlá kan, ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ̀yí èkejì wúlò gan-an. Tí ẹ bá ní "ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀", olùgbọ́ á rò pé òun mọ ẹni náà tàbí pé ẹyọ kan ni ọ̀rẹ́ yín. "Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀" fi hàn pé wọ́n pọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń bọ̀. Ẹ ó tún bá kan nínú ẹnìkan, níbì kan àti nígbà kan. Tí a bá pè é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn kò, kankan, ó di líle: Kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn kékeré, ṣùgbọ́n Kò sí iyọ̀ kankan nínú ọbẹ̀ yìí jẹ́ ẹjọ́. Tó bá jẹ́ pé àlejò ni yín nídìí tábìlì, ẹ fi èkíní mọ.

Náà ń mú olùgbọ́ padà sọ́dọ̀ ohun tí ẹ ti fi hàn án ṣáájú. Ẹ ka ìtàn kékeré yìí, kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan:

Obìnrin kan wọ bọ́ọ̀sì wa ní Peckham. Obìnrin náà gbé àpò ńlá kan dání. Ó gbé àpò náà síwájú awakọ̀, ó ní kó bá òun wá àyè fún un.

Obìnrin kan wọlé, ó di obìnrin náà, lẹ́yìn náà ó di ó lásán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba náà. Ẹni tó bá ń sọ "obìnrin náà, obìnrin náà" títí dé òpin ìtàn á rẹ olùgbọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo awakọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rẹ̀, kò sì gba kan, kò gba náà. Kí ló dé? Nítorí pé gbogbo bọ́ọ̀sì ló ní awakọ̀: bí bọ́ọ̀sì ti wọ inú ọ̀rọ̀, òun náà ti wọlé. Ibí yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń fi "the" tan ènìyàn jù.

Ọ̀hún tún wà, tí ẹ rí lókè yìí nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí Fúnmi ń wá. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òórùn ìwé ìròyìn àti ti òfófó wà lára rẹ̀. Yìí àti yẹn ni ti ohun tí ẹ lè nawọ́ sí: àga yìí, ilé yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹnu yín bá fẹ́ sọ náà nípa ohun tó wà níwájú yín, yẹn ló yẹ kó jáde.

Náà ní iṣẹ́ kejì, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi náà fẹ́ jẹun: ẹlòmíràn fẹ́ jẹun, mo fi tèmi kún un. Lẹ́yìn orúkọ ènìyàn, tàbí lẹ́yìn èmi, ìwọ, àwa, iṣẹ́ yìí ló sábà máa ń ṣe. Bọ́lá náà ti dé fi hàn pé ẹlòmíràn ti dé ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ náà ti dé lè túmọ̀ sí méjèèjì, ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni yóò là á.

Níbi ìpè tẹlifóònù ni èyí ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àǹtí yín pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Bàbá ńkọ́?" Ẹ dáhùn pé, "Bàbá náà wà nínú yàrá." Ẹ ti sọ ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Bóyá ẹ sọ pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá, tí Bàbá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, àǹtí á sì béèrè pé ta ni. Tàbí kẹ̀, ẹ ti sọ bàbá tó bí yín di bàbá arúgbó kan tí ẹ ṣèèṣì pàdé. Èyí ló ń dun àgbàlagbà. Òbí ẹni, ẹ̀gbọ́n ẹni, ìyá àgbà, kì í ṣe ẹni tí a ń fi náà tọ́ka sí, nítorí pé ilé ti mọ̀ wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Bàbá wà nínú yàrá, wọ́n ń sinmi, mà." Ẹ fi bàbá náà pamọ́ de bàbá tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ "ọmọ òyìnbó" nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í sì í fẹ́ gba ìpè mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó yọ kúrò, kò sí ohun tuntun láti kọ́.

Níbi òǹkà, Yorùbá ní ọgbọ́n kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Tí a bá mọ iye nǹkan, tí a sì fẹ́ sọ pé gbogbo rẹ̀ pátá ni, òǹkà fúnra rẹ̀ ló ń yí padà: méjì di méjèèjì, mẹ́ta di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́rin di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, márùn-ún di márààrún. Mo ka ìwé mẹ́ta: mẹ́ta nínú ìwé ayé. Mo ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mẹ́ta tí ẹ fún mi, n kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ẹ kò nílò náà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ sọ fún ìyá àgbà pé "àbúrò mi méjì ń bọ̀ lọ́la", wọ́n á béèrè ìdí tí àwọn yòókù kò fi wá. "Àwọn àbúrò mi méjèèjì ń bọ̀ lọ́la" sọ pé méjì péré ni wọ́n, pé kò sí ẹni tó ṣẹ́kù sílé, wọ́n á sì mọ iye iṣu tí wọn ó gún.