Lúwòó Gbàgìdá àti Ẹjọ́ tí a dá a

Nínú ìwé orúkọ àwọn Ọ̀ọ̀ni tí a ń lò jù lọ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ́ obìnrin. Lúwòó Gbàgìdá ni, òun sì ni ẹni 21 tí ó gun orí ìtẹ́. Ọkọ rẹ̀ ni Ọbalọ́ràn, olórí Ìlódè. Adékọ́lá Tẹ̀lú, tí àwọn ará Ìwó ń pè ní baba ńlá àwọn ọba wọn, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ẹ ro ipò obìnrin yìí wò. Ní Ìlódè, ìyàwó ilé ni, àṣà sì ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ kí ọmọdé tí ó bá nílé ọkọ. Ní ààfin, ọkọ pàápàá ní láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Láti ìgbà rẹ̀ títí dé orí Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì, ẹni 51, tí ó jẹ ní 2015, obìnrin kò tún dé adé Ifẹ̀ mọ́. Kí ni ó fà á?

Ìtàn ní afínjú ni Lúwòó, ó sì le. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan erùpẹ̀, nítorí náà ó pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Iṣẹ́ náà sú àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó wàjà, Ifẹ̀ pinnu pé àwọn kò ní fi obìnrin jọba mọ́.

Ó yẹ kí a bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ ní 1957, àti ní ilẹ̀ Ọbalára, tí Peter Garlake gbẹ́ ní 1971 sí 1972, àpáàdì náà hàn kedere. Àfọ́kù ìkòkò ni, tí a to ní òòró, ọ̀kan ti èkejì. Níbòmíràn, a fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sí i. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi í sí nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Irinwó ọdún kì í ṣe ìgbà ọba kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìran ni a kó jọ, tí a sọ di fáàrí obìnrin kan.

Kí a tilẹ̀ gbà pé ó le. Baṣọ̀run Gáà pa ju ọba kan lọ ní Ọ̀yọ́ kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ta ni ó sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ jẹ Baṣọ̀run mọ́? Bí ọkùnrin bá ṣe búburú, a ó ní ìka kò dọ́gba. Bí obìnrin bá ṣe é, a ó ní ìka kan tọ́ epo, ó ran gbogbo àwọn tó kù. Yorùbá ni ó ni òwe méjèèjì. Àwa ni a ń yan ẹni tí a ó pa èwo fún.

A fẹ́ràn Mọ́remí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2016 a gbé ère rẹ̀ ró ní Ifẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42. Ṣùgbọ́n Mọ́remí fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fún ìlú. Lúwòó pàṣẹ fún ìlú. Ó dà bí ẹni pé obìnrin tí ó bá fún wa ní nǹkan ni a ń kà sí tiwa, èyí tí ó bá pàṣẹ fún wa a di àjèjì. Oǹdó gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn wọn ní Púpùpú, obìnrin, ni ọba wọn àkọ́kọ́. Ọkùnrin ni ó ń jẹ Òṣemàwé nísinsìnyí, síbẹ̀ Lóbùn, ọba obìnrin, wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú fífi Òṣemàwé jẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, igbá-kejì alága ni a máa ń yà sọ́tọ̀ fún obìnrin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá du ipò alága, a ó máa gbọ́ pé ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí yóò wọn ẹnu ọkùnrin tí ó ń bá a du ún. Kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, a ti dá a lẹ́jọ́ Lúwòó. Bí ìdìbò bá tún dé, ẹ jẹ́ kí a fi ìwà àti iṣẹ́ olúkúlùkù wọn ọ́n, kí a má ṣe mú ẹlòmíràn san gbèsè ayaba Ìlódè tí ó jọba Ifẹ̀.