Irin Ìdábùú àti Orúkọ Ohùn: Ìtàn Ọrùn Gìtá Béèsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí mu rẹ́gí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ta gìtá béèsì ni wọ́n mọ ibi tí ìka wọn yóò bà lé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ ohùn tí ń ti ibẹ̀ jáde. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní, "Irin kẹta ni, lórí okùn tí ó nípọn jù lọ." Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ. Ó dà bí ẹni tí a bi léèrè orúkọ aládùúgbò rẹ̀, tí ó dáhùn pé, "Ará ilé kẹta ni." Báwo ni ó ti ṣe jẹ́ tí ibi àti orúkọ fi ya ara wọn nípa báyìí? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn, ìtàn náà sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí a tó ṣe gìtá béèsì rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé náà. Okùn 4 ni gìtá béèsì tí ó wọ́pọ̀ ní. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D àti G. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ ní ìdábùú. 20 ni ó wà lára irú èyí tí ó sọ ohun èlò yìí di olókìkí. Bí ìka bá ti kúrò ní ẹ̀yìn irin kan bọ́ sí ẹ̀yìn èyí tí ó tẹ̀ lé e, ohùn yóò gòkè ní ìṣísẹ̀ kan. Ìṣísẹ̀ 12 ni yóò mú wa padà dé orúkọ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ka okùn tí a kò tẹ̀ mọ́ ọn, ibi 21 ni ó wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ 84 lórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ń jáde láti ibẹ̀ kò ju 36 lọ, orúkọ wọn kò sì ju 12. Orúkọ tí í ṣe A nìkan ní ibi 8. Lórí dùùrù, bọ́tìnnì kan ni ohùn kan ní, kò ní méjì. Lórí gìtá, ohùn kan lè ní ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ìdààmú akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun èlò àkọ́kọ́ tí àwọn ará Yúróòpù fi kọ́ ènìyàn ní orúkọ ohùn kì í ṣe gìtá. Pátákó olókùn kan ṣoṣo ni, tí ó ní igi kékeré kan lábẹ́ okùn tí a lè sún síwá sẹ́yìn. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe ìwádìí. Pythagoras ni ìtàn àtẹnudẹ́nu sì fi ọlá rẹ̀ fún. Bí a bá pín okùn náà sí méjì ọgbọọgba, ohùn ìdajì rẹ̀ á jọ ti odindi, àfi pé ó ga jù ú lọ. Bí a bá mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ohùn mìíràn tí ó bá ti ìṣáájú mu dáradára ni yóò jáde. Nípa báyìí, ìwọ̀n ni orúkọ kọ́kọ́ dúró lé. Ní nǹkan bí ọdún 1000, ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Ítálì tí ó to àwọn lẹ́tà láti A títí dé G sórí pátákó olókùn kan yìí, kí akọrin lè fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ ń wá. Àwọn lẹ́tà náà ni a ṣì ń pè lórí gìtá béèsì títí di òní.

Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí ni Guido ará Arezzo dé. Àwọn ọmọdé tí ń kọrin nínú ìjọ ni ó ń kọ́. Ó ṣàkíyèsí pé akọrin lè lo ọdún 10 kí ó má sì lè kọ orin tí kò gbọ́ rí, ó sì sọ pé ọ̀nà tòun yóò sọ iṣẹ́ náà di ti ọdún kan, tàbí méjì bí ó pẹ́ tán. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sọ ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò: pé pátákó olókùn kan dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó burú jáì fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, nítorí pé ẹni tí kò lè ṣe aláìfi ọwọ́ kan okùn kò tí ì ní ohùn náà nínú ọkàn rẹ̀. Dípò rẹ̀, ó mú ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin mímọ́ kan, ó fi sọ àwọn ohùn lórúkọ: ut, re, mi, fa, sol, la. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ará Ítálì sọ ut di do. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, John Curwen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà tí Sarah Glover ti bẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ó gbà dé ilé ẹ̀kọ́ tiwa. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, tí ó ń wí pé dò, re, mí, ohun tí Guido fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ó ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni a fi rán an. A ti mọ̀ nígbà náà, láti inú èdè wa, pé ohùn tí ó ní orúkọ rọrùn láti dá mọ̀ ju èyí tí kò ní lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí orí irin ìdábùú. Kì í ṣe irin ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lára lute àti àwọn ohun èlò tí ó bá a tan, ìfun ẹran tí a lọ́ bí okùn ni wọ́n ń so yí ọrùn rẹ̀ ká, a sì lè sún un. Ìṣòro ńlá kan sì wà níbẹ̀: ìdábùú kan ṣoṣo ni yóò gba abẹ́ gbogbo okùn kọjá. Olórin kò lè fi sí ibi kan fún okùn kìíní, kí ó tún fi sí ibòmíràn fún okùn kejì. Bí àwọn ìṣísẹ̀ kò bá dọ́gba, ohun tí ó dùn lórí okùn kan yóò kan lórí èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn olórin lute fi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìṣísẹ̀ ọgbọọgba. Ní ọdún 1581, Vincenzo Galilei, bàbá Galileo onímọ̀ ìjìnlẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí ó ti sọ òfin rẹ̀: pín okùn sí ọ̀nà 18, fi ìdábùú àkọ́kọ́ sí òpin ìdá kan, pín èyí tí ó kù sí 18, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí a bá dán an wò lórí okùn tí ó gùn ní ínṣì 34, gẹ́gẹ́ bí ti gìtá béèsì, èyí tí ó kù lẹ́yìn ìdábùú kejìlá yóò jẹ́ ínṣì 17 àti díẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ 17 gééré. Àṣìṣe náà kéré, ìka olórin sì lè tún un ṣe. Ní ọdún 1584, ní ilẹ̀ Ṣáínà, Zhu Zaiyu, ọmọ ọba kan nínú ìdílé Ming, ti ṣírò ìwọ̀n náà láìsí àṣìṣe. Lónìí, 17.817 ni àwọn tí ń ṣe gìtá fi ń pín in dípò 18.

Irin ìdábùú yanjú ìṣòro ibi. Kò yanjú ìṣòro orúkọ. Ní ọdún 1507, ní ìlú Venice, Petrucci tẹ ìwé orin lute ti Francesco Spinacino jáde. Kò kọ orúkọ ohùn kankan síbẹ̀: ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún okùn kan, nọ́ńbà tí ó wà lórí rẹ̀ sì ń sọ ìdábùú tí ìka yóò tẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì lè gbé ohun èlò rẹ̀ kí ó sì ta orin tí ó dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ènìyàn láti di ògbóǹtarìgì ní ibi, kí ó sì jẹ́ òpè ní orúkọ. Irú ìwé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń kọ́ gìtá béèsì títí di ìsinsìnyí.

Gìtá béèsì fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Kí ó tó dé, béèsì gàgàrà tí a máa ń nà ró ni wọ́n ń lò nínú ẹgbẹ́ orin ijó. Ọrùn rẹ̀ kò ní ìdábùú; etí àti ọwọ́ tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nìkan ni ó mọ ibi tí ohùn wà. Ó ṣòro láti gbé kiri, ìlù àti gìtá oníná sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Seattle, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Paul Tutmarc ṣe béèsì oníná kan tí ó ní ìdábùú, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Leo Fender ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California, ni ó mú un dé ọjà ní ọdún 1951. Alátùn-únṣe rédíò ni ọkùnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ gìtá ta. Ó pe béèsì rẹ̀ ní Precision, èyí tí ó túmọ̀ sí ìpéye, nítorí pé irin ìdábùú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn yẹ̀. Orúkọ okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá ti okùn mẹ́rin tí ó nípọn jù lára gìtá lásán mu, nítorí náà onígìtá lè bọ́ sórí rẹ̀ láàárọ̀ kí ó sì ṣiṣẹ́ lálẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn sí Carol Kaye. Onígìtá ni ní Los Angeles. Ní ọdún 1963, ẹni tí yóò ta béèsì kò wá síbi iṣẹ́, ni ó bá gbé e. Kò kúrò nídìí rẹ̀ mọ́, ní ọdún 1969 sì ni ó tẹ ìwé jáde láti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. James Jamerson ní tirẹ̀, tí ó gbé ayé láti ọdún 1936 sí 1983, tí ó sì ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ àwo orin Motown ní ìlú Detroit, orí béèsì gàgàrà ni ó ti wá. Etí rẹ̀ ti mọ ohùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan irin ìdábùú. Lẹ́yìn wọn ni Jaco Pastorius dé, ẹni tí a bí ní ọdún 1951 tí ó sì kú ní 1987. Òun yọ àwọn irin náà kúrò lára béèsì rẹ̀ pátápátá, ó dí ojú ihò wọn, àwo orin tí ó ṣe ní ọdún 1976 sì jẹ́ ìyanu fún àwọn olórin. Ipa ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn lórí ọrùn náà. Ṣùgbọ́n ipa lásán ni, etí ni ó ń ṣiṣẹ́. Onídùndún tiwa kò ní ṣe ohun tí ó ṣe yìí ní kàyéfì, nítorí ọ̀sán ìlù rẹ̀ kò ní ìdábùú rí.

Èmi pàápàá kò lè yọ ara mi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, mo wà nínú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan, mo sì ti fi nọ́ńbà kọ́ gbogbo orin wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀fun ń dun ẹni tí ń kọrin. Ó ní kí a mú orin kan tí ó wà ní E sọ̀ kalẹ̀ wá sí D. Orí okùn E tí a kò tẹ̀ ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọrùn gìtá mi. Kò sí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ojú tì mí, orin náà sì kọjá láìsí béèsì. Bẹ́ẹ̀ ni D wà lórí okùn D fúnra rẹ̀, ó wà ní irin karùn-ún lórí okùn A, ó sì wà ní irin kẹwàá lórí okùn E. Ohùn kan náà ni, ilé mẹ́ta ni ó ní. N kò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn nítorí pé n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nígbà náà? Ìtàn tí a ti sọ yìí ti fi ọ̀nà hàn. Kí ó kọ́kọ́ mọ orúkọ ilé, èyí tí í ṣe okùn mẹ́rin tí a kò tẹ̀. Kí ó mọ̀ pé láàárín E àti F, àti láàárín B àti C, ìṣísẹ̀ kan péré ni ó wà. Méjì ni ó wà láàárín àwọn yòókù. Kí ó rántí pé irin karùn-ún lórí okùn kan ni ohùn okùn tí ó tẹ̀ lé e, àyè pé a óò tún bá orúkọ kan náà bí a bá sọdá okùn kan tí a sì gòkè ní irin méjì. Kí ó má ṣe gbára lé àwọn àmì róbótó tí ó wà ní irin 3, 5, 7, 9 àti 12: lórí okùn E, G, A àti B ni mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní irin kẹsàn-án kì í ṣe C, ó ti kọjá C ní ìṣísẹ̀ kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó máa fi ẹnu pe orúkọ náà, kí ó sì kọ ọ́ lórin, kí ìka rẹ̀ tó bà lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Orúkọ kan lójúmọ́, ọjọ́ 12 ti pé.

Irin ìdábùú kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Ó gbé ẹrù kan kúrò lórí ọmọ ènìyàn, ó sì sọ ohun èlò tí ó ṣòro di ti gbogbo ayé. Àṣìṣe tí a ń ṣe ni pé a rò pé ó ti gbé gbogbo ẹrù náà tán. Ẹni tí ó mọ ibi nìkan lè ta orin tí a ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó mọ orúkọ ni ó lè bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa orin, tí yóò sì rí ọ̀nà gbà nígbà tí ọ̀fun bá ń dun akọrin. Guido ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí pátákó olókùn kan. Okùn ti di mẹ́rin báyìí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò tí ì yí padà.