Afọ́jú tó fowó ra áàpù tí kò lè lò: kí ni òfin sọ?

Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Sángò-Ọ̀tà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bá ń tú jáde, yóò rí i pé owó bébà ti dín kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àti ẹlẹ́ja àti ọlọ́kadà àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ọ̀pọ̀ wọn ló ní nọ́ńbà àkáǹtì tí oníbàárà lè fi owó ránṣẹ́ sí láti orí fóònù. Àṣà náà ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro àìrí owó náírà gbà ní oṣù kejì ọdún 2023 ló jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ìrọ̀rùn ni fún ẹni tó ríran. Afọ́jú ti ní ọgbọ́n tó ń dá fún owó bébà ní tirẹ̀: yóò ká ₦500 lọ́tọ̀, yóò ká ₦1,000 lọ́tọ̀, ọwọ́ ni yóò fi mọ èyí tó fẹ́ ná. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè fi dá mọ̀ lórí gíláàsì fóònù tó ń dán. Ohun tó kù fún un ni kí áàpù inú fóònù náà bá a sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Fóònù tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láyé àwọn Nokia àtijọ́, afọ́jú tó bá fẹ́ kí fóònù rẹ̀ máa kàwé sókè ní láti fowó ra ètò mìíràn sínú rẹ̀, irú bíi Talks. Ní ọdún 2009 ni Apple fi VoiceOver sínú iPhone láìgba owó kún un, ọdún yẹn kan náà sì ni Google gbé TalkBack jáde fún àwọn fóònù Android. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Afọ́jú á máa fi ìka ra ojú fóònù, ohùn á sì máa pe orúkọ ohunkóhun tí ìka bá bà lé. Bó bá gbọ́ orúkọ èyí tó ń wá, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí.

Ṣùgbọ́n ohùn náà kò lójú. Orúkọ tí ẹni tó ṣe áàpù bá kọ sẹ́yìn bọ́tìnnì ló máa kà. Bí ó bá jẹ́ àwòrán lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, bí àwòrán apẹ̀rẹ̀ fún ọjà rírà tàbí àwòrán ọfà fún owó fífiránṣẹ́, tí wọn kò kọ ohunkóhun tì í, gbogbo ohun tí afọ́jú yóò gbọ́ ni “bọ́tìnnì”. Á tún sún ìka síwájú, “bọ́tìnnì” náà ni. Bí mẹ́fà bá wà lójú kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa jẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ èyí tí yóò kó owó rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ì bá kọ sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan ni àtúnṣe rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe áàpù kò rí ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ: láti ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ W3C, tó ń ṣètò bí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé, ti gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí owó bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Aríran tó fẹ́ ra áàpù yóò kọ́kọ́ wo àwọn àwòrán tí olùtà kó síbẹ̀ kó tó sanwó. Àwòrán yẹn kò sọ ohunkóhun fún afọ́jú. Ìgbà tó bá sanwó tán ló tó mọ̀ bóyá odi lòun rà. Google fààyè sílẹ̀ pé ẹni tó bá ra áàpù lè béèrè owó rẹ̀ padà láàárín wákàtí 48, Apple náà sì ní ojú ìwé tí a lè gbà béèrè tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n áàpù mìíràn wà tó jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, tó wá ya odi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí pé ẹni tó ṣe é tún un ṣe, tí kò sì fi TalkBack yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e jáde. Wákàtí 48 ti kọjá lọ nígbà yẹn.

Àní àwọn áàpù tí wọ́n tìtorí afọ́jú ṣe kò bọ́ nínú wàhálà. Nígbà tí KNFB Reader, tó ń ya àwòrán ìwé tó sì ń kà á sókè, jáde fún iPhone ní ọdún 2014, dọ́là 99 ni wọ́n ń tà á. Voice Dream Reader ní tirẹ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ afọ́jú san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbà pé tàwọn ni títí ayé. Ní ọdún 2023, ó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn yẹn kéde pé ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ pàápàá yóò máa sanwó lọ́dọọdún kó tó lè máa lò ó lọ. Àwọn afọ́jú fi ariwo ta, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ náà yí ohùn padà fún àwọn oníbàárà àtijọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé mélòó ló ń fi dọ́là ra áàpù ní Sángò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n áàpù báńkì tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́? Báńkì ń yọ owó lórí owó tí a fi ránṣẹ́, ó ń yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń yọ owó orí káàdì. Oníbàárà tó sanwó ni afọ́jú náà. Síbẹ̀, nínú áàpù mìíràn, ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà àṣírí gan-an ni ohùn máa ń kú sí, nítorí pé wọ́n ń da nọ́ńbà ibẹ̀ rú kí olè má baà mọ̀ ọ́n. Òmíràn yóò ní kó gbé ojú sínú òrùka kan lójú fóònù kí wọ́n lè yàwòrán rẹ̀, òun tí kò rí òrùka.

Bó bá sá lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ẹ̀rọ POS aláìní-bọ́tìnnì tó wọ́pọ̀ báyìí tún burú jù. Èyí tó ní bọ́tìnnì, nọ́ńbà 5 rẹ̀ sábà máa ń ní àmì tí ọwọ́ lè bà. Lórí èyí tó jẹ́ gíláàsì, afọ́jú ní láti ka nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ sókè fún oní-POS, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi fara mọ́ kódù tí a ń tẹ̀ láti orí fóònù. Ṣùgbọ́n ₦6.98 ni owó ìṣẹ́jú méjì lórí rẹ̀, aago kì í sì í dúró de ohùn tó ń ka ìlà méje tẹ̀léra kó tó kan èyí tí a fẹ́.

Òfin méjì ló kan ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Òfin tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, ni ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ó ní iléeṣẹ́ tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ yóò san mílíọ̀nù kan náírà, ó sì fi àjọ kan lélẹ̀ láti máa mójú tó o. Ibi tí òfin náà ti ṣàlàyé jù lọ lórí bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn láti lò, ilé, títì àti ọkọ̀ ló ń wí. Lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà báńkì lónìí ni áàpù rẹ̀, ó sì yẹ kí àjọ náà wò ó bẹ́ẹ̀. Òfin kejì ni ti ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, tí òun náà di òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n tà á fún mu, iṣẹ́ tí a bá sì ṣe fún oníbàárà gbọ́dọ̀ dára. Bóyá ọjà ni áàpù tàbí iṣẹ́, kò bọ́ lọ́wọ́ òfin náà. Àjọ FCCPC ni a ń gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá.

Ní Amẹ́ríkà, Guillermo Robles tó jẹ́ afọ́jú gbé Domino's Pizza lọ sí kóòtù ní ọdún 2016 nítorí pé kò lè fi áàpù àti ojú ìwé wọn ra oúnjẹ. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 pé òfin aláàbọ̀ ara ọdún 1990 kan áàpù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ áàpù nígbà tí wọ́n ṣòfin ọ̀hún. Iléeṣẹ́ náà gbé e dé kóòtù tó ga jù lọ, ìyẹn sì kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin ti fi dandan lé e pé iṣẹ́ báńkì àti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún aláàbọ̀ ara.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó ká àwọn ará Ọ̀tà lára wà nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ogójì ọdún sókè, 4.2 ló fọ́jú, àrùn tó ń sọ ẹyin ojú di funfun ló sì ń fà á jù. Ẹni tó fọ́jú ní ogójì ọdún ti ní àkáǹtì, ó ti ní fóònù, kò sì mọ ìwé afọ́jú kà. Ẹ tún wá fi àwọn iléeṣẹ́ irin àti kẹ́míkà tó wà láyìíká Sángò kún un, níbi tí iná wẹ́dà tàbí oje kẹ́míkà lè ta sí èèyàn lójú lójijì. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sọ́dọ̀ àjọ NSITF, kí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà. Inú àkáǹtì ni wọ́n ń san irú owó bẹ́ẹ̀ sí, áàpù la sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìríran lè kọ́kọ́ lọ béèrè ọ̀nà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind, tí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ wọn wà ní Òṣòdì.

Kí afọ́jú tó sanwó, kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta áàpù bóyá ó bá TalkBack tàbí VoiceOver ṣiṣẹ́, kó sì tọ́jú èsì náà. Bó bá rà á tán, kó gbìyànjú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá ibi nọ́ńbà àṣírí. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ya odi, kó fi fóònù mìíràn gba ohùn náà sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì, kó sì béèrè owó rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, torí pé ìgbà tí owó ti jáde ni wákàtí 48 ọ̀hún ti ń kà.