Ṣíṣí Ọ̀nà Èémí Tí Jẹjẹrẹ Dí

Àyà tí ń dún bí ẹni ń súfèé lè jẹ́ ikọ́ fée; ikọ́ tí kò lọ lè jẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìró náà bá wà ní ìhà kan ṣoṣo, tí oògùn tí a ń fín sẹ́nu kò ràn án, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ń dí ọ̀nà èémí. A rọ ẹ̀yin ará Ìwó àti agbègbè rẹ̀ pé kí ẹ má ṣe máa pààrọ̀ àgbo láti oṣù kan dé òmíràn lórí irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1897 ni Gustav Killian, oníṣègùn ará Jámánì, ti irin oníhò wọ ọ̀nà èémí àgbẹ̀ kan, tí ó sì yọ eegun tí ó há síbẹ̀. Títí di òní ni àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà ń lo irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí pé aláìsàn lè máa gba atẹ́gùn láti inú rẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Okùn rírọ̀ tí ó ní iná lórí, èyí tí Shigeto Ikeda ará Jàpáánì gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, ni èkejì rẹ̀.

Bí kókó bá hù sínú ọ̀nà èémí, dókítà lè fi léésà tàbí iná mànàmáná jó o, tàbí kí ó fi ẹnu irin gé e kúrò. Nígbà tí wọ́n bá ń lo iná, wọn a dín ọ́síjìn kù, kí ó má baà gbiná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé láti ìta ni kókó ti ń fún ọ̀nà náà pa, léésà kò wúlò. Páìpù kékeré ni wọn yóò fi há inú rẹ̀ kí ó má baà padé. Ẹni tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn tẹ́lẹ̀ lè mí dáadáa lọ́jọ́ kejì. Jẹjẹrẹ náà kò tíì lọ o: ọ̀nà ni a ṣí, kí aláìsàn lè rí okun gba ìtọ́jú ìtànṣán tàbí ti oògùn. Ẹni tí ó bá ṣèlérí ju èyí lọ, ẹ̀tàn ni.

Ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìwó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, fún àyẹ̀wò àti fọ́tò àyà. Wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, bí ti UNIOSUN ní Òṣogbo, ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ni ó ní gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí; ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín bèèrè kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má sì fi àgbo pamọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú itọ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Bí ó bá pọ̀, tàbí tí èémí tún há, ẹ padà síbẹ̀ kíákíá.