Ìkéde Owó Ìjọba àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ará Ìlú ní Nàìjíríà láti Ọdún 2004

Ìfáárà

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó gba àjọ láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìgbẹ́kẹ̀lé yìí dúró lé. Ìjọba kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde. Àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí ni ó gbọdọ̀ rọ́pò orí pípé. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìkéde láìsí ìdáhùn

Oṣooṣù ni ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ 36 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń pín owó àpò àpapọ̀. Ní ọdún 2004, mínísítà ètò ìnáwó, Ngozi Okonjo-Iweala, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìpín oníkálukú jáde nínú ìwé ìròyìn. Olùkọ́ tí a jẹ lówó oṣù lè wá ka iye tí ó wọlé fún ìjọba rẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí a fi ṣe.

Ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé ni ìkéde náà fi hàn, kò fi bí a ṣe ná an hàn. Lábẹ́ òfin ọdún 1999, àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá. Alága lè na ìka sí ìpínlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ náà na ìka sí alága. Níbi tí ìdáhùn bá ti sọnù, ìfura ni ìkéde ń bí.

Ìgbìyànjú láti dáhùn

Òfin ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú òpó ayélujára kan láti máa fi owó tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń san hàn, bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 5 náírà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ pàṣẹ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìkéde nìkan kì í bí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìbéèrè ni ó ń bí. Ìdáhùn tí a lè yẹ̀ wò ni ó ń bí ìgbẹ́kẹ̀lé. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi mọ sí kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ àwọn tí ń ṣèjọba. Kí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń ka ìṣirò owó ìlú, àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀.