Awò Dúdú Lójú Oòrùn: Ìtàn Fílítà Tẹlisíkóòpù àti Èyí Tó Wúlò fún Ará Ìbàdàn

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀run Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òjìji rẹ̀ gba Accra kọjá, ó la ilẹ̀ Togo àti Benin, ó sì wọ Nàìjíríà nígbà tí aago mẹ́wàá fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lọ tó fi la apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè wa já sí Niger. Ìbàdàn kò bọ́ sójú ọ̀nà òjìji náà gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, bíi ti Èkó tí òṣùpá ti bo ohun tó lé dáadáa ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìbú oòrùn. Irú ibi tó kù díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Ojúmọ́ á ṣú, ara á tutù, èèyàn á rò pé oòrùn ti rọ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó kù sókè bí èékánná yẹn ṣì tó láti ba ojú jẹ́. Ẹran ojú tó ń gba àwòrán kì í mọ ìrora, nítorí náà kò ní ta olúwarẹ̀ lólobó nígbà tó bá ń jóná.

Bàsíà omi, fíìmù x-ray àtijọ́, awò wẹ́dà àti jígí ìgbafẹ́ ni àwọn èèyàn wa sábà máa ń nawọ́ gán lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Omi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín in kù tó. Fíìmù x-ray àti jígí ìgbafẹ́ burú ju omi lọ: wọ́n á pa ìmọ́lẹ̀ tó ń gún ojú, kí ojú lè là sílẹ̀ gbagada, wọ́n á sì jẹ́ kí ooru tí a kò rí wọlé. Awò wẹ́dà nìkan ni a lè gbà wọlé nínú wọn, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà 14. Èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò sí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló sàn jù fún ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àwọn àlàfo kéékèèké àárín ewé á ya àwòrán oòrùn tí òṣùpá ti jẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lè tó igba, kò sì sí èyí tó lè ṣe ojú ní jàǹbá.

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oòrùn lọ́dún 2006 yẹn ti wáyé rí ní ọjọ́ 20 oṣù Kárùn-ún ọdún 1947, tí òjìji òṣùpá sọdá òkun láti Brazil, tó sì gba Gold Coast, Togo, Dahomey àti Nàìjíríà kọjá. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1957 àti 1958, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì gbogbo àgbáyé pawọ́ pọ̀ ṣèwádìí ilé ayé àti oòrùn, àwọn onífísíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń ta ìgbì rédíò sókè láti mọ ohun tí ìtànṣán oòrùn ń ṣe sí afẹ́fẹ́ òkè réré. Ìbàdàn dára fún iṣẹ́ yẹn nítorí pé kò jìnnà sí ìlà tó pín agbára òòfà ayé sí méjì. Wọ́n ń ṣọ́ oòrùn tọ̀sán-tọ̀sán láìgbójú sókè.

Ẹni tó bá máa gbójú sókè ní tirẹ̀ kò lè ṣe é láìsí fílítà, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó tẹlisíkóòpù fúnra rẹ̀. Ọdún 1609 ni Galileo kọ́kọ́ gbé tẹlisíkóòpù sójú ọ̀run. Kò ju bí ọdún méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Christoph Scheiner, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Ingolstadt nílẹ̀ Jámánì, fi ń fi jígí aláwọ̀ wo àwọn àmì dúdú tó wà lára oòrùn. Àwọn mìíràn ń ta àwòrán oòrùn látinú tẹlisíkóòpù sórí pépà funfun. Àwọn tí kò lówó jígí aláwọ̀ a máa fi èéfín àtùpà kun jígí lásán.

Ọ̀rọ̀ jígí aláwọ̀ yìí ló mú William Herschel, ọkùnrin tó rí Uranus lọ́dún 1781, débi tí kò rò. Ó ń wá jígí tí yóò jẹ́ kí òun lè fi tẹlisíkóòpù ńlá wo oòrùn pẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá lo àwọ̀ kan, ojú òun kì í rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ síbẹ̀ ooru ń jó òun, bí òun bá sì lo òmíràn, ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀ ṣùgbọ́n ooru kò tó nǹkan. Lọ́dún 1800, ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn palẹ̀ sí àwọ̀-àwọ̀, ó to tẹmómítà sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ọ̀kan kọjá ẹ̀yìn pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́. Èyí tó wà nínú òkùnkùn yẹn ló gbóná jù. Bí ayé ṣe mọ ìtànṣán tí a ń pè ní infrared nìyẹn, èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò lónìí. Òun kan náà ni mo ní fíìmù x-ray ń jẹ́ kó kọjá sójú ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn fílítà aláwọ̀ tí wọ́n ń tà mọ́ tẹlisíkóòpù lónìí gba orúkọ àti nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ Frederick Wratten, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Kodak ra ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1912. Iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Nọ́ńbà 25, tó pupa, ń mú kí ojú ilẹ̀ Máàsì hàn dáadáa, nọ́ńbà 80A, tó búlúù, sì wà fún ìkùukùu Júpítà. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tí wọ́n ń mú wá nínú tẹlisíkóòpù kékeré kò tó owó wọn. Orí wa lókè pátápátá ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá níbí, àǹfààní tí àwọn ará London kò ní. Ọ̀tá wa ni eruku ọyẹ́ àti ìkùukùu ìgbà òjò, wọn kò sì gbọ́ ti fílítà.

Ó wá ku fílítà tí wọ́n ní ó ń pa iná ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ló délé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Iná títì ìgbà náà, èyí tó ń mú àwọ̀ ọsàn wá, kì í tàn ju ìwọ̀n àwọ̀ díẹ̀ lọ. Ìkùukùu gáàsì tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, bíi ti Orion, ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ jù sì wà ní nǹkan bíi 501 nanomítà. Bí asẹ́ ṣe ń já èèrí ògì sọ́tọ̀ tó ń jẹ́ kí omi rẹ̀ kọjá ni fílítà yìí ṣe ń já iná títì sọ́tọ̀. Àmọ́ iná LED funfun tó wà lójú títì àti lẹ́nu géètì báyìí, láti Challenge dé Ring Road, láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, ń tan gbogbo àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibi tí asẹ́ yóò ti rí èèrí já. Kó tó di pé àwọn èèyàn gbé iná oòrùn àti ìnfátà sílé, bí NẸ́PÀ bá mú iná ní Agbowó, ìràwọ̀ á kún ojú ọ̀run láìná kọ́bọ̀. A kò lè máa gbàdúrà fún òkùnkùn nítorí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kò sí fílítà tó tó o.

Fílítà oòrùn nìkan ni mo rò pé ó yẹ kí ará Ìbàdàn náwó sí, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi iná títì dí oòrùn lójú. Oríṣi méjì ni ẹ máa bá pàdé. Èkíní ni jígí dúdú róbótó tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ lọ, tí wọ́n ń dè mọ́ ibi tí ojú ń gbé wò, tí wọ́n sábà máa ń kọ SUN sí lára. Ó wọ́pọ̀ nínú páálí tẹlisíkóòpù kéékèèké àtijọ́, ó sì ń bá ẹrù tòkunbọ̀ dé títí di òní. Ibi tí wọ́n dè é mọ́ gan-an ni awò iwájú ti ń kó gbogbo ooru oòrùn jọ sójú kan. Jígí náà á gbóná, á sán lójijì, ojú ẹni tó ń wò á sì gba gbogbo rẹ̀. Èkejì ni fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ń fi bo ẹnu tẹlisíkóòpù níwájú, kí ooru tó wọlé rárá. Èyí tí a ń fi ojú wò ń jẹ́ kí ẹyọ kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kí ẹ tó lò ó, ẹ gbé e síwájú gílóòbù iná, kí ẹ wò ó bóyá ó ti lu.

Jígí tí a ń fi ojú lásán wo oòrùn náà ní òfin tirẹ̀, ISO 12312-2, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Kì í ṣe fún tẹlisíkóòpù: ẹni tó bá wọ jígí yẹn tó tún fojú sí ẹnu tẹlisíkóòpù tí kò ní fílítà níwájú ti jóná.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2034, òjìji òṣùpá yóò tún gba Nàìjíríà kọjá. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ní tẹlisíkóòpù nílé: bí jígí kékeré tí wọ́n kọ SUN sí bá wà nínú páálí rẹ̀, ẹ fi òòlù fọ́ ọ lónìí, kí ẹ tó gbé tẹlisíkóòpù náà fún ọmọ tàbí kí ẹ tó tà á fún ẹlòmíràn.