Ta Ni Yóò San Owó Eyín?

 

Ẹni tí eyín bá ti dùn rí lóru mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tètè mọ́ lójú aláìsàn. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, ìbéèrè mìíràn dé: èló ni a óò san? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti abúlé wa nìkan. Ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú kí mínísítà kan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ fún yín. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ fi ìka sí i, kí ẹ tún un kà.

Kí ọdún 1948 tó dé, òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò lówó lọ́wọ́ a máa fara da ìrora eyín títí yóò fi pọ̀ jù. Nígbà náà ni yóò lọ yọ ọ́, nítorí pé yíyọ kò wọ́n tó títọ́jú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yọ gbogbo eyín wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n fi eyín àtọwọ́dá sí i, kí wọ́n má baà náwó lórí eyín mọ́ títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Ní àwọn ibì kan, òbí a máa san owó yìí fún ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ, kí ó jẹ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Ìlú kékeré kan wà ní Wales tí à ń pè ní Tredegar. Wíwa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó fara jọ èésú tiwa, ṣùgbọ́n wọn kì í kó owó náà fún ẹnì kan. Nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá gbà, èyí tí í ṣe 240 pẹ́nì nígbà náà, 3 pẹ́nì ni ó ń dá. Owó yìí ni wọ́n fi ń sanwó fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti dókítà eyín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá a lọ gba ìtọ́jú. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé èló ni ó mú lọ́wọ́.

Ní Tredegar yìí ni wọ́n bí Aneurin Bevan ní ọdún 1897. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú. Òun náà fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 13, ó lọ wa èédú. Nígbà tí ogun ńlá parí ní ọdún 1945, wọ́n fi í ṣe mínísítà ìlera. Ó ní ohun tí Tredegar ní, gbogbo ìlú ni yóò ní in. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Owó orí ni ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe é. Dókítà di ọ̀fẹ́, oògùn di ọ̀fẹ́, eyín náà sì di ọ̀fẹ́.

Àwọn ènìyàn tú jáde! Ẹni tí ó ti ń fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú láti ọdún mẹ́wàá, ó jáde. Ìyá tí ó ti ń fi èrìgì jẹun, ó jáde. Ìjọba kò mọ̀ pé àìsàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò tó. Iye eyín tí dókítà eyín bá tọ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, àwọn kan sì rí owó púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gé e kù ní ọdún 1949.

Ọdún 1951 ni ìjà dé. Ogun ń lọ ní Kòríà, ìjọba sì ń wá owó ìbọn. Hugh Gaitskell, mínísítà ìṣúná, ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ eyín àtọwọ́dá tàbí awò ojú san ìdajì owó rẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀ ní ọdún náà jẹ́ 13 mílíọ̀nù pọ́ùn. Lójú ìjọba ńlá, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n Bevan kọ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá ti lu ihò kékeré sí ìkòkò, a kò tún lè sọ pé kò jò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, ó fi ipò sílẹ̀. Harold Wilson, ẹni tí ó wá di olórí ìjọba ní ọdún 1964, bá a jáde.

Ihò náà sì ń fẹ̀. Ní ọdún 1952, ìjọba mìíràn, ti Churchill, ní kí àgbàlagbà máa san pọ́ùn kan fún ìtọ́jú eyín. Ní ọdún 1989, àyẹ̀wò eyín lásán náà di ohun tí à ń sanwó fún. Síbẹ̀, wọn kò gba owó lọ́wọ́ ọmọdé àti aboyún, títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé ètò náà kò ṣe rere. Ní ọdún 1968, nínú 100 àgbàlagbà ní England àti Wales, 37 ni kò ní eyín kankan ní ẹnu. Ní ọdún 2009, ó ti di 6 nínú 100 ní England. Ọṣẹ ìfọyín tó ní flúóráìdì ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. (Orín tiwa náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, a óò sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.)

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ fi ọkàn sí. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà eyín wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé tiwọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ra irinṣẹ́ fúnra wọn, ìjọba sì ń san owó iṣẹ́ fún wọn. Nítorí náà, bí owó ìjọba kò bá wù wọ́n, wọ́n lè yí padà sí àwọn tí yóò san owó àdáni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọdún 1992, nígbà tí ìjọba gé owó wọn ní pọ́ùn 7 nínú 100. Ọ̀pọ̀ kẹ̀yìn sí iṣẹ́ ìjọba.

Ní ọdún 2006, ìjọba England àti ti Wales gbé òfin tuntun jáde. Bí dókítà bá dí ihò eyín kan, tàbí bí ó bá dí mẹ́fà fún ẹnì kan náà, iye kan náà ni wọ́n ń kà fún un. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́: bí a bá ní owó kan náà ni a óò san fún ẹni tí ó kọ ebè mẹ́wàá àti ẹni tí ó kọ igba, ta ni yóò gba oko igba? Tálákà tí ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni ó di oko igba yìí. Ọdún 2022 ni ìjọba England tó tún un ṣe díẹ̀. A kò lè dá dókítà nìkan lẹ́bi, nítorí ó ní owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ láti san. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó lọ sí ọ̀dọ̀ aládàáni, ó rí ìtọ́jú kíákíá. Ẹni tí kò ní ń wá ibi tí wọ́n ṣì ń gba ènìyàn tuntun. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà nínú ọ̀ràn yìí pẹ̀lú wọn.

Ní ìlú Bristol, ní àdúgbò St Pauls, ilé ìtọ́jú eyín kan tì ní ọdún 2023. Àwọn ará àdúgbò kò gbà. Wọ́n jà títí wọ́n fi tún un ṣí ní oṣù kejì ọdún 2024, tí ó sì ń gba aláìsàn ìjọba. Ní ọjọ́ tí ó ṣí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti tò síta láti òwúrọ̀, arúgbó àti ìyá ọlọ́mọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi wá tọ́jú ìlà náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó wọlé ní ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí àwọn tí ó kù padà wá.